Òkè mẹ́fà lẹ́yìn obìnrin

Ẹni tó bá dé abúlé ní Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà á rí ìyá tó ń yan gàrí láti àárọ̀, tí owó iléèwé àwọn ọmọ sì wà lọ́rùn ẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó táwọn ọkùnrin wa kọ láyé ọjọ́un, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí irú ẹ̀. Bí obìnrin inú ìwé ò bá jẹ́ ìyá oníwà tútù tó ń fara da gbogbo ìyà, aṣẹ́wó ni. Jagua Nana tí Cyprian Ekwensi kọ lọ́dún 1961 ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni Jagua ń ṣe l'Ékòó?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọlará Ògúndípẹ̀, tó gba fáàsì kíláàsì nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn lọ́dún 1963, kò gbà fún wọn. Ó kọ ewì, ìwé ewì ẹ̀ jáde lọ́dún 1985. Nínú ìwé mìíràn lọ́dún 1994, ó ní òkè mẹ́fà ló wà lẹ́yìn obìnrin Áfíríkà: òyìnbó amúnisìn, àṣà, àìlajú, ọkùnrin, àwọ̀ ara ẹ̀, àti obìnrin náà fúnra ẹ̀.

Ti ìkẹfà yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ bi ìyá alágàrí yẹn pé ta ló ń bọ́ ilé. Á ní, "Baálé mi ni." Hàà!

Màmá Ògúndípẹ̀ ti jáde láyé lọ́dún 2019. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa tẹ́ ẹ lè kọ ewì, iṣẹ́ kù nílẹ̀ o. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ìyá alágàrí lè gbọ́.