Lẹ́tà Tí Ó Dà Bí Ìkọ̀wé Ọwọ́

Ìwé ìpè mẹ́rin ni ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní oṣù yìí: ìgbéyàwó méjì, ìsọmọlórúkọ kan, àti ìsìnkú kan. Mẹ́ta nínú wọn, títí kan ti ìsìnkú, ni a fi lẹ́tà tí ó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Lẹ́tà náà kò burú. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú wọn ni Comic Sans, tí Ọ̀gbẹ́ni Vincent Connare yà fún ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Ó rí àwòrán ajá kan lórí kọ̀ǹpútà tí ń fi Times New Roman sọ̀rọ̀, èyí tí a ṣe fún ìwé ìròyìn. Ó rí i pé kò bá ajá mu rárá. Ó wo lẹ́tà inú ìwé ìtàn alàwòrán, ó sì ya èyí tí ara ń yá mọ́. Nítorí náà ni ó fi dára fún ọjọ́ ìbí ọmọdé, ìsọmọlórúkọ àti ìkíni ọdún. Ti òkú àgbà kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù kì í ṣe èyí. Ọ̀pọ̀ nínú irú lẹ́tà wọ̀nyí ni kò ní àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí kò sì lè gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Àwọn tí a ṣe fún èdè Vietnam pẹ̀lú a máa ní ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n èdè náà kò ní ṣ. Kọ̀ǹpútà a wá yá lẹ́tà mìíràn dí àlàfo náà, orúkọ a sì dà bí aṣọ tí a lẹ̀. Atẹ̀wé mìíràn a kúkú yọ gbogbo àmì dànù.

Bẹ́ẹ̀ ni “ẹ̀yẹ ìkẹyìn” ṣe di “eye ikeyin” lórí ìwé ìsìnkú náà. Ọ̀wọ̀, ìlú olóògbé, di “Owo.” Ọmọ-ọmọ kan tí a bí sí Abuja níhìn-ín bi wá léèrè pé, ṣé owó ni wọ́n ń tọrọ ni? A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ọmọ tí kò gbé ìlú bàbá rẹ̀ rí, orúkọ ìlú ni a ní láti fi lé e lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, kí atẹ̀wé fi lẹ́tà tí ẹ yàn tẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Bí kò bá gbé àmì, ẹ ní kí ó lo Noto tàbí Charis fún orúkọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ ni ó wù yín, ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára nínú ẹbí, kí ó fi kálámù kọ ọ́, kí a sì ya fọ́tò rẹ̀ fún atẹ̀wé. Ọwọ́ tiwa mọ ibi tí àmì wà.

Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.