Bí Àkọ́bí Bá Ń Jẹ́ Òjó

Tíṣà kan ní Agboju níhìn-ín ló bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ra ohun kékeré méjì tí í máa gba Wi-Fi, irú èyí tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ní ọjà Alaba lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Linux ni kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn ń lò. Páálí kan náà, orúkọ kan náà, owó kan náà. Ọ̀kan ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, èkejì kò tilẹ̀ mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?"

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ara páálí kì í ṣe orúkọ ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo TP-Link TL-WN722N. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ṣíìpù AR9271 ti Atheros ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí "v2" dé, RTL8188EUS ti Realtek ni wọ́n fi sí i. Orúkọ kan náà, ìdílé ọ̀tọ̀.

Kọ̀ǹpútà kò sì gbọ́ èdè ṣíìpù. Ògbufọ̀ ló nílò, òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní dírẹ́bà (kì í ṣe ti dánfó Mile 2 o!). Àwọn tó ń kọ Linux, láti ìgbà tí Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Finland ní 1991, mọ̀ pé bí ṣíìpù mẹ́wàá bá jẹ́ ọmọ ìyá, ògbufọ̀ kan lè tó gbogbo wọn. Kí ni kí a wá pe ògbufọ̀ náà?

Ẹ jẹ́ ká yà sí Festac, aládùúgbò wa. Nọ́ńbà ni wọ́n fi pe ọ̀pọ̀ òpópó ìlú tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún 1977 yẹn. Ẹni tó gbọ́ 512 Road ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ 5th Avenue ni òun ń lọ. 22 Road, ọ̀dọ̀ 2nd Avenue. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe sọ àwọn ògbufọ̀ Atheros lórúkọ: ath5k, ath9k, ath10k, ath11k. Orúkọ ilé ṣíwájú, ìran tẹ̀ lé e. Èyí dùn mọ́ mi.

Ti Intel kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ṣíìpù kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe ògbufọ̀ iwl4965. Nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀, ìran 5000, dé, ògbufọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Bí àkọ́bí bá ń jẹ́ Òjó, ṣé gbogbo àbúrò rẹ̀ ni a ó máa pè ní Òjó? Wọ́n yí i sí iwlagn; ní 2011 wọ́n tún yí i sí iwlwifi, wọ́n sì yọ 4965 fúnra rẹ̀ kúrò, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ àgbà bíi tirẹ̀, 3945, nínú ilé tí wọ́n pè ní iwlegacy. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọn kò pa orúkọ iwlagn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá pè é nígbà náà, iwlwifi ló ń dáhùn. Oníṣòwò tó gbọ́n kì í yí orúkọ ṣọ́ọ̀bù padà kó sì wó pátákó àtijọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Orúkọ tó fẹ̀ jù náà ní ìyọnu tirẹ̀. rtl8xxxu wọ inú Linux ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. X mẹ́ta yẹn dúró fún nọ́ńbà yòówù. Ẹni tó ra RTL8822BU yóò rò pé ó kan òun. Kò kàn án! rtw88, tó dé ní 2019, ni tirẹ̀. (8723D náà sì wà nínú rtw88, àfi bí ẹni pé 87 àti 88 kò yàtọ̀ síra.)

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, kí ẹ tó fọwọ́ sówó, ẹ béèrè ṣíìpù, ẹ má béèrè páálí. Bí olùtajà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà Linux, kí ẹ tẹ lsusb. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí nọ́ńbà tó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0cf3, Atheros ni. 0bda, Realtek ni. Ẹ̀yin ará Alaba, ẹ fi báírò kọ orúkọ ṣíìpù sí ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, kò sì sí oníbàárà tí yóò padà wá bá yín jà.