Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú fún Etí Tí Ó Fẹ́ Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tí ó bá ń gbé Ṣàngótẹ̀dó tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Lekki kò nílò àlàyé nípa sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Afárá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní Ajah ní ọdún 2017 mú ìrọ̀rùn wá, ṣùgbọ́n títí di òní, bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìrìn kúkurú láti Ajah dé Jákàńdè lè gba ènìyàn ní wákàtí méjì gbáko. Inú irú wákàtí méjì bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ tí ó dára fún orin lè má dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu rárá, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò ní èyí tí ó yẹ ń fi ojú lásán ka ohun tí a dá fún etí.

Ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ lítírésọ̀ alohùn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìjálá, rárà, ẹ̀sà, ẹkún ìyàwó, ìyẹ̀rẹ̀: gbogbo wọn ni a tò sójú ìwé ní ìlà-ìlà bí ẹni sá aṣọ sórí okùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á há wọn sórí, á kọ wọ́n sínú ìdánwò, á sì gba máàkì, síbẹ̀ ó lè má tíì gbọ́ ìjálá rí láyé rẹ̀. Mo bi kíláàsì kan léèrè nígbà kan pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí a ṣe ń sun rárà àti bí a ṣe ń sun ìjálá. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, bí ìwé ṣe wí gan-an. Nígbà tí mo ní kí ẹnì kan fi ohùn ṣe é, kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹ̀bi wọn kọ́. Àlàbí Ògúndépò àti Ògúndáre Fọ́yánmu ti fi ohùn ìjálá wọn sílẹ̀ fún wa. Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Lánrewájú Adépọ̀jù, tí ó di olóògbé ní ọdún 2023, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewì. Àwa ni a kò gbé ohùn náà dé etí ọmọ.

Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà, ariwo ni mo fi yàn án. Ọmọkùnrin tí ó tà á fún mi fi orin fújì sí i, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mì tìtì, àyà tèmi náà ń bá a mì. Mo sanwó. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì tí mo fi ewì sí i, ńṣe ni akéwì ń dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifóònù olókùn ìgbàanì kì í gbé ju ìró tí ó wà láàárín nǹkan bí 300 Hz sí 3,400 Hz lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wa fi í sọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ síra wọn láìsí aáwọ̀. Ohun tí ń sọnù ni àwọn kọ́ńsónáǹtì tín-ín-rín, pàápàá jù lọ s, ṣ àti f, tí ìró wọn ga. Bí ẹ̀rọ bá fi ìró gbì-gbì-gbì bò wọ́n mọ́lẹ̀, ìyá tí ń se nǹkan àti ìyá tí ń ṣe nǹkan á di ọ̀kan náà létí yín. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà Ajah tàbí àwọn ṣọ́ọ̀bù Ikota, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi orin dán ẹ̀rọ wò fún yín. Ẹ yí i sí rédíò, ẹ wá Bond FM lórí 92.9, kí ẹ gbọ́ ẹni tí ń sọ Yorùbá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ yẹn, etí ló wà.

Ohun tí ó tún dùn mí jù nípa ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ni pé kò ní ìrántí. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún. Bí mo bá pa á ní Chevron láàárọ̀, tí mo tún tàn án nírọ̀lẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò padà sí. Ìwé ìtàn tí a kà fún wákàtí mẹ́fà kò ṣeé gbọ́ báyẹn. Mo gbọ́ orí kìíní rẹ̀ títí mo fi há a sórí, n kò sì mọ ibi tí ìtàn já sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tún tàn án. Bí kò bá rántí ibi tí ó dúró sí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, bí ó ti wù kí ó máa dán tó.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mẹ́mọ́rì káàdì ńlá dẹ́rù bà yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gba àyè. Bí a bá fi MP3 pa á mọ́ ní 64 kbps, wákàtí kan kò ju nǹkan bí 29 MB lọ, káàdì 8 GB á sì gba ohun tí ó lé ní 250 wákàtí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í tilẹ̀ dá káàdì tí ó bá ju 32 GB lọ mọ̀. Ayédèrú sì wà: 128 lára, 8 nínú. Ti iná ọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n; ẹ yan èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Púpọ̀ nínú wọn ń lo BL-5C, bátìrì Nokia ìgbà kan, kò sì ṣòro láti rí rà. Kí ó ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ lè mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ẹnì kan á ní, kí ni ti fóònù tí ó ti wà lápò? Òótọ́ ni, fóònù lè ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú un wọlé, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi í gbọ́ ìjálá, kí ó tó gbọ́ ìlà mẹ́ta, ìpè á ti dé, àtẹ̀jíṣẹ́ á ti dé, eré bọ́ọ̀lù á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kò mọ ohun mìíràn ju ọ̀rọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Àwọn tí ń fi orin kún káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á gba owó díẹ̀, wọ́n á da ewì ogójì ọdún sínú rẹ̀, akéwì kò sì ní rí kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá lè rí iṣẹ́ náà rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ rà á, kódà bí ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kíláàsì máa gbọ́.

Ní ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Èkó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi báyìí gbọ́ èsì díẹ̀: ó ní bọ́tìnnì tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Mo yá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìsinmi tí ó kọjá pé kí ó lọ gba oríkì ilé wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Ó mú ìṣẹ́jú mọ́kànlá bọ̀. Ní ìparí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí màmá náà ń béèrè pé, “Ṣé ó ti wọlé? Jẹ́ kí n gbọ́ ara mi.” Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín, kí ẹ̀rọ tó kú.