Iyùn Tí Ń Kú Nínú Àpótí Gíláàsì

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ iyùn, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ. Òkúta iyebíye ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkúta. Ẹranko ni. Iyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ egungun àwọn ẹranko kéékèèké tí ń gbé pọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà. Àwọn wọ̀nyí sì ní ìbátan púpọ̀ nínú àwọn òkun gbígbóná, tí egungun wọn ń gorí ara wọn láti ọdún dé ọdún títí ó fi ń di òkìtì ńlá lábẹ́ omi. Àwọn ìbátan yìí ni àwọn ènìyàn ń sìn nínú ilé ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì, ní Ìlú Ọba àti ní ibòmíràn, nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n rọ omi oníyọ̀ sí.

Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng, tí ń gbé ní Jakarta ní ilẹ̀ Indonéṣíà, fi hàn nínú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà pé bí ènìyàn bá kó òkúta láti inú òkun pẹ̀lú ohun alààyè ara rẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, iyùn lè yè nínú ilé. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń gbilẹ̀. Síbẹ̀ iyùn ń kú lọ́wọ́ àwọn tí ń sìn ín, ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn sì ń gbà láti wò ó sàn ni ó ń pa á. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti fara balẹ̀ ni wọ́n ti ń kánjú. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti yára ni wọ́n ti ń lọ́ra.

Ìyàtọ̀ wà láàárín iyùn tí ó funfun àti iyùn tí ẹran ara rẹ̀ ń bó. Nínú ẹran ara iyùn ni àwọn ewéko tíńtínní kan ń gbé, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fún onílé wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń fún un ní púpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá gbóná jù, tàbí tí iná bá mú jù, iyùn a lé wọn jáde. Ẹran ara a wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ́ gaara, egungun funfun a sì hàn láti inú. Ebi ni ó ń pa irú iyùn bẹ́ẹ̀. Kò tí ì kú. Bí olùtọ́jú bá dín ooru kù, tí ó sọ iná di kékeré, tí ó sì ń fún un ní oúnjẹ wẹ́wẹ́ lálẹ́ nígbà tí ó bá na àwọn ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó lè padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Iyùn alààyè tí wọ́n ti dà sí ààtàn nítorí àìmọ èyí kò kéré. Ohun kan náà ni ó ṣe òkìtì iyùn ńlá tí ó wà ní Ọstrélíà ní ọdún 1998, ní 2016 àti ní 2024. Kí omi òkun fi díẹ̀ ju bí ó ti máa ń gbóná tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, bí i díígírì kan péré, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti tó.

Olùbẹ̀rẹ̀ a máa rò pé àpótí kékeré ni ó rọrùn jù. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí àpótí bá gba omi lítà 60, tí lítà kan sì ń gbẹ lójúmọ́, iyọ̀ kò ní bá omi lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, omi tí ó ní iyọ̀ gíráàmù 35 nínú lítà kan yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gíráàmù 39. Olówó rẹ̀ a wá rí i pé iyùn ti súnkì. Ẹ̀rù a bà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo a da lítà mẹ́fà omi tí kò níyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, a pààrọ̀ iná, a gbé iyùn láti igun kan sí èkejì, a sì tún da oògùn inú ìgò lé e. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí iyùn bá ti kú, oògùn ni yóò dá lẹ́bi. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ohun tí ó yẹ ni kí ó kọ́kọ́ wọn omi wò. Kí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí díígírì 25. Kí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Kí ammonia má ṣe sí nínú rẹ̀ rárá. Èyí tí àwọn olùtọ́jú ń pè ní alkalinity, ìyẹn agbára tí omi ní láti má ṣe kan, ìwọ̀n àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Ti òkun fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7, láàárín 7 sí 11 ni wọ́n sì ń fẹ́ nínú àpótí. Kí ó má ṣe yí ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó tún ṣe, kí ó sì dúró wò ó kí ó tó fi ọwọ́ kan òmíràn. Ní ti oògùn ẹja tí wọ́n fi bàbà ṣe, kí ó má tilẹ̀ gbé e sún mọ́ àpótí náà, nítorí bàbà ń pa iyùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran ara bá bẹ̀rẹ̀ sí bó láti ìdí, tí egungun sì yọ síta, sùúrù kò wúlò mọ́. Lára iyùn ẹlẹ́ka tí wọ́n ń pè ní Acropora, ọjọ́ kan lè tó fún un láti bó tán. Kí olùtọ́jú gé ẹ̀ka tí ó ṣì yè, kí ojú ọ̀bẹ gba inú ẹran tí ó dára, kí ó fi gúlùù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta mímọ́, kí ó sì kó òkú ìyókù jáde kí ó tó ba omi jẹ́. Ibí yìí gan-an ni àwọn tí ó fẹ́ràn iyùn wọn jù ń kùnà. Wọ́n á ní ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti ń dàgbà, àwọn kò lè fi ọwọ́ ara àwọn gé e. Ẹ̀ka tí ó tó ìka ọwọ́ kan péré sì lè di odidi igi padà, bí igi ẹ̀gẹ́ ti ń hù láti ara èyí tí wọ́n gé.

Kì í ṣe gbogbo iyùn ni ènìyàn í fi ọwọ́ lásán gé, ṣá o. Nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó dà bí bọ́tìnnì, àwọn kan tí ń jẹ́ Palythoa ní májèlé tí ó le púpọ̀. Ìbọ̀wọ́ àti awò ìbojú ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe se òkúta wọn nínú omi gbígbóná láti fọ̀ ọ́ mọ́, nítorí ooru omi bẹ́ẹ̀ ti gbé àwọn ènìyàn dé ilé ìwòsàn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí nítorí ẹyọ iyùn kan, ṣebí òmíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní CITES ti fi gbogbo iyùn abegungun líle sábẹ́ ìṣọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí òwò wọn kò fi lè kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Òkun ni wọ́n ti ṣì ń gé púpọ̀ nínú wọn, òkun náà sì ti ń gbóná. Ẹni tí omi rẹ̀ kò tí ì tọ́, tí ó ń ra òmíràn rọ́pò èyí tí ó kú, òkú ni ó ń fi owó rà. Bí ó bá fẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí ó máa kọ ìwọ̀n omi rẹ̀ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá yí padà, kí ó gba ẹ̀ka kékeré lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ti rẹ̀ ń dàgbà nínú ilé, kí ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí níbi tí iná kò ti mú, kí ó sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀.