Ẹ̀sùn Mi Lórí Oòrùn Àjèjì

Òkè Bọ́lá n'Ìbàdàn ni mo wà tí mo ń kọ ẹ̀sùn yìí. Ẹni méjì ni mo fi sùn: sọfitíwià tí a fi ń ya àwòrán ilé tí a kò tíì kọ́, àti àwa oníṣẹ́ tí a ń gbowó lórí rẹ̀. Onílé kì í tíì ra síméǹtì tí yóò ti wo àwòrán náà, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ni yóò gbà gbọ́.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Oòrùn ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n ń ràn sára ilé wa. Ẹni tó bá ṣí fáìlì tuntun nínú SketchUp, tí kò sọ ìlú tí ilé wà fún un, Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni yóò gbé ilé náà kalẹ̀ sí. Boston ni ti Revit. Boulder wà ní dìgírì 40 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìbàdàn kò ju 7.4 lọ. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí apá àríwá ní Boulder. Lọ́dọ̀ tiwa, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àríwá gan-an ló máa ń wà.

Ẹ ri òpó mítà 3 mọ́lẹ̀ ní Òkè Bọ́lá lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà. Ní nǹkan bí aago 12:45, tí oòrùn ga jù, òjìji rẹ̀ yóò tó sẹ̀ǹtímítà 86, yóò sì na sí gúúsù. Nínú fáìlì SketchUp tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, òjìji ọ̀sán yóò tó sẹ̀ǹtímítà 89, àríwá ni yóò sì na sí. Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń gbà á láìfura. Ó di ìparí oṣù Kejìlá kí ó tó hàn: òjìji òpó kan náà kò tó mítà 2 n'Ìbàdàn, nínú fáìlì, ó di mítà 6. Ẹni tó bá tìtorí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yan ibi tí àwọn àgbà yóò máa jókòó gba atẹ́gùn lẹ́yìn ilé, ibòòji tí a ṣèlérí fún un kò ní dé láéláé.

Maxwell Fry àti Jane Drew kò ní kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń yàwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Síbẹ̀, oòrùn àti atẹ́gùn ibí ni wọ́n rò kí wọ́n tó fi ògiri oníhò sára ilé. Àwa tí a ní ẹ̀rọ kò ní àwíjàre.

Ẹ̀sùn kejì: ọ̀pọ̀ sọfitíwià yìí ní ètò kan tó ń la ojú sí òkùnkùn fúnra rẹ̀, ó sì ti wà ní títàn kó tó dé ọwọ́ wa. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí ògiri aládùúgbò tún há mọ́, yóò mọ́lẹ̀ rekete nínú àwòrán. Onílé yóò kó wọlé tán kó tó mọ̀ pé iná ni òun yóò máa tàn lọ́sàn-án gangan, ní ìlú tí iná kì í dúró.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Ètò tó ń nu àmì wínníwínní kúrò lójú àwòrán ń bá a lọ nu ìpẹtà páànù Mápó àti Bẹẹrẹ, àdúgbò wa á wá dán bí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Bẹ́ẹ̀, ètò tí ì bá wúlò fún wa wà níbẹ̀: sọfitíwià V-Ray ní ibi tí a lè tẹ̀ kí yíya àwòrán lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí tí iná bá lọ. Títì ni ó wà títí ènìyàn yóò fi ṣí i.

Ẹ̀sùn tó kù, tiwa ni. Tí òjìji bá ṣe ségesège, a ó fi kún agbára oòrùn, a ó gbé àtùpà èké sí igun yàrá, a ó wá fi Photoshop parí rẹ̀. Àpótí tí a ń kọ orúkọ ìlú sí, a kò ní ṣí i. Èmi kò ka èyí sí àìmọ̀kan mọ́: ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ ní kí oníṣẹ́ yín fi òjìji ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà hàn yín. Bó bá na sí àríwá, ẹ má sanwó títí yóò fi gbé ilé yín padà wá sí Ìbàdàn.