Òǹtẹ̀ Lábẹ́ Ṣíbí: Bí A Ṣe Ń Ka Fàdákà Àtijọ́ ti Ṣáínà àti Jàpáànì

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òǹtẹ̀ kéékèèké tó máa ń wà lábẹ́ ohun èlò fàdákà àtijọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, síbẹ̀ ó lè sọ ìlú tí wọ́n ti rọ nǹkan náà fún wa, ilé ìtajà tó tà á, bí fàdákà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti nígbà mìíràn, ọwọ́ tó di òòlù mú. Ti ilẹ̀ Ṣáínà àti ti Jàpáànì ni a óò yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé wọ́n wà lára àwọn tí òǹtẹ̀ wọn ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti olówó nìkan. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà mọ̀ pé irú ṣíbí, ife àti àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ máa ń jáde ní ọjà ohun àlòkù. Ẹni tí kò bá mọ òǹtẹ̀ lè kó wọn fún ẹni tí ń yọ́ fàdákà, kí ó sì gba owó ìwọ̀n wọn lásán. Nígbà tí iye owó fàdákà fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ló wọ inú iná lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá sì ti yọ́ kò ní orúkọ mọ́.

Ìdí tí òǹtẹ̀ Ṣáínà fi jọ ti Gẹ̀ẹ́sì

Láti ọdún 1757 títí di 1842, ìlú Guangzhou, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Canton, ni èbúté kan ṣoṣo tí ìjọba Ṣáínà gbà kí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti máa fi ọkọ̀ òkun ṣòwò. Tíì, ṣẹ́dà àti àwo tánganran ni wọ́n ń wá rà, owó fàdákà ni wọ́n sì fi ń san án, pàápàá owó dọ́là tí àwọn ará Sípéènì ń rọ ní Mẹ́síkò. Àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ìlú náà a máa yọ́ owó wọ̀nyí, wọn a sì fi rọ ṣíbí, ife àti ìkòkò tíì fún àwọn àlejò.

Ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó bá fẹ́ ṣíbí a mú ṣíbí Gẹ̀ẹ́sì kan wá gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Alágbẹ̀dẹ a wò ó dáadáa, a sì rọ irú rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó tún ṣe é tán pátápátá: ó fi òǹtẹ̀ tó bá lẹ́yìn ṣíbí náà kún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kìnnìún tó gbé ẹsẹ̀ sókè túmọ̀ sí pé fàdákà náà pé ìdá 925 nínú ìdá 1000. Orí ẹkùn ni àmì ìlú Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀. Orí ọba, tí wọ́n lò láti 1784 sí 1890, ń fi hàn pé wọ́n ti san owó orí lé e. Ní Guangzhou, àwọn àwòrán wọ̀nyí kò ní ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀ tí ń yẹ fàdákà wò kí ó tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì tún fi ọkàn oníbàárà balẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé èyí ni pé, fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Guangzhou ni àwọn ìdílé Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fàdákà Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí H. A. Crosby Forbes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ jáde ní ọdún 1975 wà lára ohun tó la ojú àwọn ènìyàn sí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ti ní bàbá tirẹ̀, bàbá ẹlòmíràn ni wọ́n ń kì fún un.

WH, KHC àti nọ́ńbà 90

Lẹ́yìn àdéhùn Nanjing ti ọdún 1842, èbúté márùn-ún ló ṣí sílẹ̀ fún àwọn àjèjì, Shanghai sì wà lára wọn. Hong Kong bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣòwò fàdákà tàn ká, òǹtẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Kìnnìún àti orí ọba pòórá, lẹ́tà orúkọ ilé ìtajà, àmì ìkọ̀wé Ṣáínà àti nọ́ńbà sì gba ipò wọn. KHC ni Khecheong ti Guangzhou. WH ni Wang Hing, tó ní ilé ìtajà ní Guangzhou àti Hong Kong. Luen Wo àti Zeewo jẹ́ ti Shanghai. Nọ́ńbà 90 ń sọ pé nínú gíráàmù 100, gíráàmù 90 yẹ kó jẹ́ fàdákà gidi. Èyí kò sì jìnnà sí bí fàdákà inú owó dọ́là àtijọ́ ṣe rí.

Níbí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Lẹ́tà òyìnbó sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ta ọjà. Àmì ìkọ̀wé Ṣáínà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ife méjì tí WH wà lára àwọn méjèèjì, tí àmì ìkọ̀wé wọn sì yàtọ̀ síra: ilé ìtajà kan náà ni, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń kó fàdákà jọ ń ka lẹ́tà òyìnbó nìkan nítorí òun ni wọ́n lè kà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún oníṣòwò. Àmọ́ orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò kà á.

Idà di ife: ọ̀nà ti Jàpáànì

Ìtàn ti Jàpáànì gba ibòmíràn. Ìjọba Meiji gorí oyè ní 1868. Ní 1876, ó ka gbígbé idà kiri léèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn, àyàfi àwọn ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti àwọn ìjòyè tó bá lọ síbi ayẹyẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi wúrà àti fàdákà ṣe èèkù idà lọ́ṣọ̀ọ́ di ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe láàárín àkókò díẹ̀. Àwọn kan lára wọn yí ọgbọ́n ọwọ́ wọn sí ife, àpótí àti ìkòkò òdòdó tí wọn yóò tà fún àjèjì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọnà ara fàdákà Jàpáànì ìgbà náà fi máa ń jọni lójú tó bẹ́ẹ̀.

Àmì tó wọ́pọ̀ jù lára wọn ni 純銀, tí wọ́n ń pè ní jungin, ìyẹn ojúlówó fàdákà. Àmì kejì, 銀, ni fàdákà fúnra rẹ̀, ẹ ó sì bá a lára ti Ṣáínà pẹ̀lú. Lára ti Ṣáínà, 足 ló máa ń ṣáájú rẹ̀: 足銀, fàdákà tó kún ojú ìwọ̀n. Nítorí náà, bí 銀 bá ti hàn, àmì tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Alágbẹ̀dẹ Jàpáànì tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lè fi 造, tó túmọ̀ sí “ṣe é”, tàbí 刻, tó túmọ̀ sí “fín in”, parí rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà Yokohama, bíi Arthur & Bond, a sì máa kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà òyìnbó. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923 wó púpọ̀ nínú ìlú Yokohama, iná sì jó o. Èyí ló mú kí ohun tó ti jáde kúrò níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì.

Láti ọdún 1929, ilé ìrọwó ìjọba Jàpáànì, tó ṣí ní Osaka ní 1871, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fàdákà wò. Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni àsíá Jàpáànì kékeré pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 950 tàbí 1000. Bí ẹ bá rí àsíá yìí, kò lè ṣáájú 1929, ohun yòówù tí ẹni tí ń tà á lè sọ.

Bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ohun náà fúnra rẹ̀ ṣáájú òǹtẹ̀: ìrísí rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, bí wọ́n ṣe jo ó pọ̀, ibi tí ọwọ́ ti jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá òǹtẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọwọ́ ṣíbí, tàbí nínú ìdérí. Ẹ má fi irin tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Ohun tí ẹ bá ha kúrò níbẹ̀ kò ní padà. Ẹ jẹ́ kí iná fóònù tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ sì yí fọ́tò náà ká, nítorí pé àmì ìkọ̀wé tó dorí kodò kò ṣeé fi wé ohunkóhun.

Ẹ wo bí òǹtẹ̀ náà ṣe wọlé. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù máa ń ní etí mímú, fàdákà a sì sún díẹ̀ ní àyíká rẹ̀. Èyí tí wọ́n dà mọ́ ohun tuntun láti inú àdàkọ máa ń rọ̀ létí, ó sì lè ní ihò wẹ́wẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì lè tú àṣírí irin, ṣùgbọ́n kò lè tú àṣírí bàbà funfun, àdàlù bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì tí àwọn ará Ṣáínà ti ń lò tipẹ́, nítorí òun náà kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá orúkọ ilẹ̀ pẹ̀lú. Òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti 1890 ló pa á láṣẹ pé láti 1891, kí orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá máa wà lára rẹ̀. Ohun tó bá ní CHINA tàbí JAPAN lára sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Àmọ́ àìsí orúkọ ilẹ̀ kò fi hàn pé ohun kan ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo ọjà ló lọ sí Amẹ́ríkà.

Níkẹyìn, ẹ má jẹ́ kí àmì kan ṣoṣo dájọ́. Kí lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì ìkọ̀wé àti ìrísí ohun náà fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ fi í wé àwọn tó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bíi Peabody Essex Museum ní Salem, Massachusetts, tí fàdákà àtijọ́ ti Ṣáínà pọ̀ níbẹ̀, tàbí kí ẹ bá ẹni tó gbọ́ èdè náà sọ̀rọ̀. Ọmọ Ṣáínà tàbí ti Jàpáànì tí ẹ jọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè kà fún yín láàárín ìṣẹ́jú kan ohun tí ìdílé kan kò mọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwa tí a mọ̀ pé ilà ojú lè sọ ìlú àti ìran ẹni kò ṣàì mọ iyì àmì. Bí ẹ bá rí ṣíbí tó ti dúdú, tí ìlà díẹ̀ tí ẹ kò lè kà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tètè gbé e lọ síbi òṣùwọ̀n. Ẹnì kan jókòó ti iná kó tó lu àwọn ìlà náà sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ rẹ̀.