Ẹni Tó Ń Bá Wa Yẹ Owó Wò Kọ́ Ló Yẹ Kó Rà Á

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè bí àwọn kan nínú, àmọ́ a ó sọ ọ́.

Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, àwọn ẹgbẹ́ wa ń tú àpótí ìyá àgbà báyìí, wọ́n ń wá owó àtijọ́. Fídíò orí fóònù ti sọ fún wọn pé kọ́bọ̀ onihò tí ihò rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ lè sọ èèyàn di olówó. Wọ́n á mú un tọ ẹni tó ti ń kó owó jọ tipẹ́ lọ. Ẹni yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò, á yínmú, á ní: "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gba igba náírà, kó o fi ra omi mu." Ohun tí a fẹ́ bá jà gan-an nìyẹn.

Ohun tí à ń sọ kò le: ẹni tí olùbẹ̀rẹ̀ bá mú owó wá bá pé kó yẹ̀ ẹ́ wò fún òun, kó má rà á. Adájọ́ kì í bá wọn du ilẹ̀ tó ń dá ẹjọ́ lé lórí.

Kí ni owó àṣìtẹ̀? Owó tí àṣìṣe ti bá láti ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ ni, kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù, tí iná jó, tàbí tí wọ́n dá ihò sí kí wọ́n lè so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn, owó tó bàjẹ́ lásán ni. Ìyàtọ̀ yìí ló máa ń rú olùbẹ̀rẹ̀ lójú jù, bẹ́ẹ̀ àgbà lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, kó máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ wọn ní ihò láàárín. Ní 1936, wọ́n tẹ orúkọ Ọba Edward Kẹjọ sí i lára. Ọba yìí kò lo ọdún kan lórí oyè: oṣù kìíní 1936 ló gorí ìtẹ́, oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ló sọ̀ kalẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbé owó rẹ̀ jáde fún ará ìlú láti ná. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ìyá wa ná an lọ́jà yanturu. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá ka ìtàn ọba náà á rò pé ìṣúra ló bọ́ sí òun lọ́wọ́. Kì í ṣe àṣìtẹ̀, kò sì wọ́n.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Nínú kọ́bọ̀ 1936 yìí kan náà ni àṣìtẹ̀ gidi wà. Ilé Heaton ní Birmingham, tí àmì rẹ̀ jẹ́ H, rọ owó fún Ìlà-Oòrùn Áfíríkà náà lọ́dún yẹn. Wọ́n ṣèèṣì fi irin òǹtẹ̀ sẹ́ǹtì mẹ́wàá ti ọ̀hún tẹ ojú kan, wọ́n wá fi ti kọ́bọ̀ wa tẹ ojú kejì. Àwọn olùkówójọ káàkiri ayé ń wá èyí. Owó méjèèjì jọra, ihò wà láàárín méjèèjì, ọba kan náà ló ni wọ́n. Ta ni yóò sọ ìyàtọ̀ fún ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà tó mú un dání? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì fẹ́ fi igba náírà rà á ńkọ́?

Ṣílè náà ń da ọmọdé láàmú. Fàdákà ni wọ́n fi ń rọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí fàdákà gbówó lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ ní 1920. Ẹni tó bá rí ṣílè aláwọ̀ idẹ á pariwo pé wọ́n ṣi irin mú. Wọn ò ṣì í mú. Bákan náà ni kọ́bọ̀ 1991: irin ni inú rẹ̀, òòfà á fà á, nígbà tí òòfà kò ní fa ti 1973. Ìyẹn náà kì í ṣe àṣìṣe. Ìjọba ló yí ohun tí wọ́n fi ń rọ owó padà.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ọgbọ́n tí a fi owó àti ọjọ́ orí rà ni. Ṣé ká wá máa fi tọrẹ?" Rárá o. Ẹ gba owó iṣẹ́ yín. Mẹkáníìkì ń gba owó kó tó yẹ ọkọ̀ wò, ẹnikẹ́ni ò sì bínú sí i. Ohun tí kò dára ni kí mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì rẹ ti kú, kó rà á lówó irin tó ti dógùn-ún, kó sì gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá wu olùwò láti ra owó náà, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó ni ín, kí onítọ̀hún lọ bi ẹlòmíràn, kó tó di pé wọ́n jọ ná an.

A ò ní torí pé a jẹ́ ọ̀dọ́ gbè sẹ́yìn ọ̀dọ́. Ojúkòkòrò wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlòmíràn á mú kọ́bọ̀ tí mọ́tò ti tẹ̀ wá, tí wọ́n bá sọ òótọ́ fún un, á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó ṣe tirẹ̀ dáadáa. Wá òmíràn tó jẹ́ ti ọdún kan náà, kó o gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ̀n wọ́n. Yẹ ojú méjèèjì àti etí rẹ̀ wò. Tí kò bá ní ihò rárá, wò ó bóyá wọ́n fi irin dí i ni. Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn fọ̀ ọ́, torí dídán yẹn á ba iye rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá sì ní kó o sanwó fọ́ọ̀mù kí òun tó bá ọ wá olùrà lókè òkun, sá fún un.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá náà ní ìpín tiwa. Ojoojúmọ́ ni à ń sọ pé "mi ò ní kọ́bọ̀," bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé kọ́bọ̀ ti wà lẹ́nu Yorùbá kó tó di owó Nàìjíríà ní 1973. Ẹ fi tọ́rọ́ àti sísì han ẹgbẹ́ wa, wọn ò ní mọ èwo ni èwo. Orúkọ owó wọ̀nyí wà lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Ṣábò àti létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Tí a bá fi gbogbo ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń rà á lówó pọ́ọ́kú, owó á lọ, orúkọ á bá a lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà olùkówójọ, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, kí ẹ jókòó ní gbangba, kí ẹ bá àwọn ọmọ yẹ owó wọn wò lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì ra nǹkan kan níbẹ̀. Àwa á wá, a ó máa kọ orúkọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lédè Yorùbá. Ẹni tí kò bá lè gbà bẹ́ẹ̀, kó yéé pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ wa, oníṣòwò ni.